Ẹsẹ̀ Kẹrin Ẹṣin Bàbá Mi

Kò sí ẹṣin ní Igbotako. Ewúrẹ́ wà, ẹlẹ́dẹ̀ wà, màlúù náà máa ń gba ojú títì kọjá, ṣùgbọ́n mi ò fojú rí ẹṣin títí mo fi kúrò nílé. Síbẹ̀, ọmọ ẹlẹ́ṣin ni gbogbo àdúgbò ń pè wá. Bíríkìlà ni bàbá mi. Ó ń mọ ilé bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ni ẹṣin sìmẹ́ńtì tó máa ń ṣe sórí ilé alájà àti sórí sàréè àwọn tó rí jájẹ. Láti Igbotako dé Òkìtìpupa, títí wọ Iyansan, tí o bá rí ẹṣin funfun kan tó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, tó fajúro bí ẹni tí wọ́n jí láti ojú oorun, bàbá mi ló ṣe é.

Òun náà ò rí ẹṣin rí. Àwòrán ara kàlẹ́ńdà kan ló fi kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ẹṣin inú àwòrán náà dúró sínú koríko, koríko sì bo gbogbo pátákò rẹ̀. Bàbá wo orí, ó wo ọrùn, ó wo ìrù, ó ṣe wọ́n bó ṣe rí wọn. Ohun tí koríko bò, ó lọ yá a lọ́wọ́ ewúrẹ́ ẹ̀yìnkùlé wa. Gbogbo ẹṣin bàbá mi ló ní pátákò tó là sí méjì. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, torí kò sẹ́ni tó mọ̀. Èmi náà ò mọ̀, àfi ìgbà tí mo dé ìlú òyìnbó.

* * *

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ríṣẹ́. Kí n tó wá, otútù ni gbogbo èèyàn kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀, àmọ́ òun kọ́ ló dẹ́rù bà mí. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Mo lè jí, kí n múra, kí n wọ bọ́ọ̀sì, kí n dé ibi iṣẹ́, láìsí ẹnì kan tó bi mí bóyá mo jí dáadáa. Nílé, tí mo bá ń lọ ra iyọ̀ lásán, màá ti kí èèyàn débi pé màá gbàgbé ohun tí mò ń lọ rà. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé ibí, mo kí ọkùnrin kan ní ibùdókọ̀, ó bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ orúkọ. Ọ̀gá wa ní ká máa pe àwọn arúgbó ní orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n. Obìnrin kan wà láàárín wọn tí orí rẹ̀ ti funfun báláú, tí egungun ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yọ síta, Dọ́rà ni orúkọ rẹ̀. Mo gbìyànjú, ẹnu mi kọ̀. Ọmọ Ìkálẹ̀ wo ló máa nàró gbagidi, kó pe irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ní Dọ́rà? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Màmá Dọ́rà. Ọ̀gá ní kí n yé pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá arúgbó náà ní kó fi mí sílẹ̀, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pe òun ní màmá. Ó bímọ o. Àwọn ọmọ rẹ̀ kàn jìnnà ni, bí èmi náà ṣe jìnnà sí àwọn tèmi.

Lókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọ́n gbé àwòrán kan kọ́ síbẹ̀: ẹṣin pupa kan tó dúró lẹ́nu géètì, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan ló fi ọ̀dà yà á. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wẹ̀ fún un, tí mò ń fi ìpara pa á lẹ́sẹ̀, mo gbójú sókè, ojú mi sì bọ́ sí ẹsẹ̀ ẹṣin náà. Kò là. Pátákò kan ṣoṣo ni, ó ki, ó sì rí roboto. Mo wo ẹsẹ̀ kejì, mo wo ẹ̀kẹta. Ẹ̀rín kọ́kọ́ pa mí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kúrò lójú mi, torí mo rántí mállàm ẹlẹ́ran kan.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Màmá Dọ́rà bi mí.

"Ẹṣin yín ni, mà. Bàbá mi náà máa ń ṣe ẹṣin."

"Bàbá mi ló ni ín," ó ní. "Kì í fọwọ́ pa àwa ọmọ lórí. Ẹṣin yẹn ló máa ń fọwọ́ pa lọ́rùn ní àràárọ̀. Mo kórìíra rẹ̀ nígbà yẹn." Ó wo àwòrán náà títí. "Ní báyìí, tí mo bá fẹ́ rántí ọwọ́ bàbá mi, ọrùn ẹṣin yẹn ni mo máa ń wò."

* * *

Mo ṣì kéré nígbà tí ọ̀rọ̀ mállàm yẹn ṣẹlẹ̀. Bàbá ń kun ẹṣin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe síwájú ilé oníṣòwò epo kan ní Òkìtìpupa, Ìyá ń kó irinṣẹ́ jọ, èmi jókòó sórí garawa. Ọkùnrin ará Òkè Ọya kan tó ń ta ẹran ń kọjá lọ. Ó dúró, ó wo ẹṣin náà láti òkè délẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀, ó sọ nǹkan ní èdè rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

"Kí ló ń rín?" Bàbá bi Ìyá.

"Uṣẹ́ rẹ ló yà á lẹ́nu," Ìyá dáhùn ní èdè Ìkálẹ̀ wa. "Gha kun ìrù, kí ọ̀dà má gbẹ."

Bàbá kun ìrù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ara wa sẹ́yìn ọ̀kadà padà sílé, ó bojú wẹ̀yìn wo ẹṣin náà títí a ò fi rí i mọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹṣin tó parí tí kì í dúró níwájú rẹ̀, kó máa wò ó lọ wò ó bọ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí mállàm rí ló ń wá.

Ìyá ló máa ń fi ajọ̀ jọ yanrìn fún un. Kì í gbà kí ẹlòmíràn ṣe é, ó ní òkúta kékeré kan péré ló ń ba ojú ẹṣin jẹ́. Ẹ̀yìnkùlé wa ní ẹṣin kan tí ọkùnrin kan ní kí Bàbá ṣe fún sàréè ìyá òun, kí wọ́n tó sọ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kò yẹ kí ère ẹranko dúró lórí sàréè onígbàgbọ́. Kò padà wá gbé e. Ẹṣin náà dúró síbẹ̀ láìkùn, Ìyá sì sọ ọ́ di tirẹ̀. Ó so okùn ìsáṣọ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbé sókè, ó so ìdí kejì mọ́ igi ọsàn. Tó bá ń sáṣọ, á máa bá ẹṣin náà sọ̀rọ̀. "Dúró dáadáa, aṣọ ọkọ mi ni mo fẹ́ sá." Ohun tó bá sì ń bí i nínú sí Bàbá, ẹṣin yẹn nìkan ló máa ń gbọ́ ọ délẹ̀.

* * *

Ìgbà tí ìwé ìgbélùú mi wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ni Ìyá kú. Tí mo bá jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́. Àǹtí Bọ́lá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe tíṣà ní Òkìtìpupa, ló pè mí. Ó sunkún tán kó tó pè, mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀.

"Má wá," ó ní. "Ìyá ò ní fẹ́ kí gbogbo ìyà tí o ti jẹ já sí asán. Dúró síbẹ̀."

Bàbá ní ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa sin ín sí, níwájú ẹṣin rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Àǹtí gbé fóònù sókè kí n lè máa wò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Mo rí bàtà àwọn èèyàn, mo rí ewé igi ọsàn, mo gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà àwòrán náà gan pa sójú kan, sórí ẹsẹ̀ ẹṣin tó nà síta lókè ihò náà. Nígbà tó máa fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, wọ́n ti da yèpẹ̀ kún un. Bí mo ṣe sin ìyá mi nìyẹn, nínú kíṣìnnì tí èmi àti àwọn àjèjì jọ ń lò, tí ọ̀kan nínú wọn ń dín ẹyin. Ó bi mí bóyá mo fẹ́. Mo ní rárá, mo dúpẹ́.

Mo lọ síbi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bí mo ṣe ń wọ súwẹ́tà fún Màmá Dọ́rà, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ó tutù. Mo sọ fún un pé ìyá mi kú. Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ẹ̀dì kí n lè jókòó.

Tó bá jẹ́ ilé ni, ẹní ì bá ti kún ilẹ̀ nílé wa. Àwọn kan ì bá máa gbé pupuru wá, àwọn kan ì bá máa fipá mú mi jẹun, n ó sì máa bínú sí wọn pé wọn ò jẹ́ kí n dá wà. Níbí, wọ́n jẹ́ kí n dá wà. Mo tún wá ronú sí i pé nílé, "ẹni tó wà lókè òkun" ni wọ́n ń pè mí báyìí, níbí sì rèé, "ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán." Ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ti já sílẹ̀ láàárín méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó ṣàkíyèsí.

* * *

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá fúnra rẹ̀ pè mí. Kì í pe èèyàn, àwa la máa ń pè é. Ojú rẹ̀ ti ń lọ. Ó lè mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́, àmọ́ kò lè mọ ojú ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ mọ́, ọwọ́ rẹ̀ náà sì ti ń gbọ̀n.

"Ọma mi, ẹṣin wà lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó?"

"Ó wà, Bàbá."

"O ti rí i?"

"Mo ti rí i."

Mo ń gbọ́ adìẹ lẹ́yìn rẹ̀. "Mo fẹ́ parí ẹṣin ìyá rẹ, kó dúró tì í dáadáa. Uṣẹ́ mi ìkẹyìn nìyẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bi ọ́. Ṣé bí mo ṣe ń ṣe é ló rí? Má parọ́ fún mi."

Ó rọrùn láti ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ta ló máa já mi nírọ́? Tí mo bá sọ òótọ́, gbogbo ẹṣin tó ti ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀ ló máa di ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ ewúrẹ́ lójú ara rẹ̀, kò sì ní okun tó máa fi tún wọn ṣe. Ṣùgbọ́n mi ò wẹ òkú ìyá mi, mi ò bu yèpẹ̀ sí i lára. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bi mí nípa ibojì rẹ̀ nìyí. Mo ní kó fún mi di ọjọ́ Sunday.

Àwòrán nìkan ò tó mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ọlọ́pàá máa ń gun ẹṣin kiri àárín ìlú, mo sì lọ dúró síbẹ̀ nínú òjò wínníwínní. Òórùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Bàbá ò lè mọ èyí láéláé, pé ẹṣin ní òórùn, pé èéfín ń jáde ní imú rẹ̀. Mo tẹ̀lé ọ̀kan láti òpópónà kan dé òmíràn, mo tẹ orí ba, mò ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, títí obìnrin ọlọ́pàá tó gùn ún fi bi mí bóyá mo sọ nǹkan nù. Mo ní rárá, pátákò ni mò ń wò. Ẹṣin náà yí ọrùn, ó wò mí. Ó fajúro bí ẹni tí wọ́n jí láti ojú oorun. Mo sunkún díẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn, torí pé bàbá mi tí kò rí ẹṣin rí mọ ojú ẹṣin.

Lọ́jọ́ Sunday, mo sọ ọ́. "Kò là, Bàbá. Ọ̀kan ni."

"Ọ̀kan báwo?"

"Odó kékeré tí Ìyá fi ń gún ata, ẹ fọwọ́ kan ìdí rẹ̀, ibi tó fi jókòó. Ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó sún kì lókè. Iwájú rẹ̀ ga, ó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú."

Mo gbọ́ bó ṣe dìde, tó ń táràrà lọ sí ilé ìdáná, tí nǹkan kan sì ṣubú. Ó pẹ́ kó tó padà. Mo ń gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ lára igi. "Mo ti gbé e lọ́wọ́," ó ní. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ohun tí mállàm ń rín nìyẹn."

"Ojú rẹ̀ àti ọrùn rẹ̀, Bàbá, bí ẹ ṣe ń ṣe é gẹ́lẹ́ ni."

"Ó dára."

"Ṣé ó dùn yín?"

"Ó dùn mí," ó ní, ohùn rẹ̀ ò sì yí padà. "Ṣùgbọ́n ghan ò ní fi ẹṣin ìyá rẹ rẹ́rìn-ín."

* * *

"Kí lo sọ fún bàbá rẹ?" Àǹtí Bọ́lá ló pariwo lé mi lórí lórí fóònù. "Láti àárọ̀ ló ti wà nínú oòrùn, ó ń gbá ẹsẹ̀ ẹṣin wó. Kò jẹun. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní kí n lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé mi."

Bàbá fi igi ti ikùn ẹṣin náà kó má bàa ṣubú, ó já sìmẹ́ńtì kúrò lára irin ẹsẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ lásán mọ òmíràn sí i. Á fọwọ́ kan odó, á fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹṣin, á tún padà sí odó. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ gbẹ, Àǹtí fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Màmá Dọ́rà, àwa méjèèjì wò ó. Ó ní tí wọ́n bá ní kí òun mú ọ̀kan, ti bàbá mi lòun máa mú. Inú mi dùn débi pé mo ń rẹ́rìn-ín nìkan ní ibùdókọ̀ nírọ̀lẹ́, ọkùnrin kan sì rò pé òun ni mò ń rẹ́rìn-ín sí, ló bá kí mi. Ó kí mi gan-an, ó ní ojú ọjọ́ dára. Mo ròyìn rẹ̀ fún Bàbá bí ẹni tó gba ẹ̀bùn níléèwé.

Ó ṣe ẹ̀kejì, ó ṣe ẹ̀kẹta. Èyí tó gbé sókè ló fi sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn, ó ní òun ló le jù, torí kò sí ilẹ̀ tó máa gbà á dúró bó bá ṣì tutù.

Láàárín ìyẹn ni Màmá Dọ́rà kú. Kò ṣàìsàn kan lọ títí, ó kàn sùn, kò jí. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, wọ́n ti ká bẹ́ẹ̀dì, ìṣó nìkan ló kù lára ògiri. Mo béèrè àwòrán náà. Wọ́n ní ọmọ rẹ̀ wá mú aago àti òrùka, ó ní kí wọ́n fi ìyókù tọrẹ. Mo wá a dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irú ẹrù bẹ́ẹ̀, mi ò rí i. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, arúgbó mìíràn ti wà nínú yàrá yẹn, mo sì ń pe òun náà ní màmá.

Kò pẹ́ sí i ni Bàbá ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yanrìn rẹ̀. Apá rẹ̀ kan rọ, ọ̀rọ̀ ò lè jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Òkìtìpupa. Àǹtí máa ń gbé fóònù sí i létí, n ó máa bá a sọ̀rọ̀ pátákò, n ó máa sọ pé kó sinmi, ẹsẹ̀ kan péré ló kù. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìwé mi ò sì tíì jáde.

* * *

Nígbà tí ìsìnkú Bàbá ku díẹ̀, Àǹtí Bọ́lá pè mí lórí fídíò láti ẹ̀yìnkùlé. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún ọṣẹ, aṣọ Bàbá ló ń fọ̀. Ọkùnrin bíríkìlà kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá dúró tì í, ó ti po sìmẹ́ńtì sílẹ̀.

"Àwọn ẹbí ní kò yẹ ká tẹ́ Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ uṣẹ́ tí kò parí," Àǹtí ní. "Ṣàlàyé ẹsẹ̀ yẹn fún bọ́ọ̀dá yìí bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá, kí wọ́n ṣe é lónìí."

Mo ní kó sún fóònù mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin náà. Ẹsẹ̀ mẹ́ta dúró lórí ilẹ̀, pátákò wọn rí roboto, wọ́n dára. Ẹ̀kẹrin nà síta lókè sàréè Ìyá, ó là sí méjì bíi ti ewúrẹ́. Okùn ìsáṣọ ṣì wà lára rẹ̀. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ó ti fa ilà sínú sìmẹ́ńtì náà.

"Kí ló dé tí Bàbá ò tú okùn yẹn?"

"Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó ní òun máa tú u tí àsìkò bá tó."

Mo wò ó títí. Mo mọ ohun tí Bàbá sọ, pé wọn ò ní fi ẹṣin Ìyá rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ṣàlàyé fún ọkùnrin yìí, á ṣe é dáadáa, ẹnikẹ́ni ò sì ní fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n yanrìn pátákò mẹ́ta tó kù, àwọn alágbàṣe ló jọ̀ ọ́. Ti ẹsẹ̀ yẹn, Ìyá mi ló jọ̀ ọ́, ìdí ẹsẹ̀ yẹn náà ló ti máa ń sọ ohun tó ń dùn ún. Mi ò ní nǹkan míì nílé mọ́.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín."

Àǹtí gbé fóònù lé orí ìjókòó kan, mo sì gbọ́ tó ń bẹ ọkùnrin náà pé kó má bínú, kó máa lọ. Lẹ́yìn náà ó tún wọ ojú fóònù, ó fún ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ Bàbá, ó gbọ̀n ọ́n, ó nàgà, ó sì sá a sí ẹsẹ̀ ẹṣin náà. Apá ṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì rọ̀ wálẹ̀. Omi ń kán lára rẹ̀ sórí sàréè Ìyá.